Ọmọ Tó Mọ Ẹ̀tọ́ Ara Rẹ̀ Kì í Ṣe Aláfojúdi
Nílùú Ìbàdàn, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Mápó dé Bẹ́yẹrúnkà, agbo ilé ni wọ́n ti ń tọ́ ọmọ: ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Àǹfààní ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti UNICEF ṣe lọ́dún 2014 fi hàn pé ọmọbìnrin 1 nínú 4 àti ọmọkùnrin 1 nínú 10 ní Nàìjíríà ni wọ́n ti bá ṣe ìṣekúṣe kí wọ́n tó pé ọdún 18. Ẹni tí ọmọ mọ̀ dáadáa ló sì sábà máa ń ṣe é. Nítorí náà, ká kàn ní kí ọmọ sá fún àjèjì kò tó.

Ó yẹ ká kọ́ ọmọ ní ẹ̀tọ́ tó ní lórí ara rẹ̀. Àwọn kan ní irú ẹ̀kọ́ yìí á sọ ọmọ di aláfojúdi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ lè kúnlẹ̀ kí àgbà, kó sì kọ̀ kí àgbà náà fọwọ́ kan abẹ́ òun. Ẹ kọ́ ọ lórúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, kó lè ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àṣírí tí wọ́n bá ní kó má sọ fún ìyá rẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ sọ. Bó bá sọ ọ́, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ má parí rẹ̀ láàárín ẹbí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 fi ẹ̀wọ̀n gbére ṣe ìjìyà ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Ilé ìwòsàn àti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ.