Mario Kejì: Ọmọ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Àlejò

Bí ẹ bá dé ibi tí àwọn tó fẹ́ràn eré fídíò gbé ń sọ̀rọ̀ Super Mario Bros. 2, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi wí pé, "Èyíinì kì í ṣe Mario rárá." Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe ẹ̀tọ́ sí eré náà.

Ní 1985 ni Nintendo ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé Mario àkọ́kọ́ jáde. Ní 1986 wọ́n ṣe èkejì fún àwọn ará ilé wọn. Ó jọ ti àkọ́kọ́ bí ìbejì, àfi pé ó le koko: olú onímájèlé wà níbẹ̀, ọ̀nà àbùjá mìíràn sì ń dá ènìyàn padà sẹ́yìn ni. Àwọn ará Nintendo ní Amẹ́ríkà ní ó ti le jù. Ni wọ́n bá mú eré mìíràn, Doki Doki Panic, tí wọ́n ti bá tẹlifísọ̀n Fuji ṣe ní 1987. Wọ́n yọ àwọn ẹni inú rẹ̀ kúrò, wọ́n fi Mario, Luigi, Toad àti Ọmọbìnrin Ọba rọ́pò wọn, wọ́n sì tà á ní Amẹ́ríkà ní 1988.

Ibi tí orúkọ àlejò ti wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n Kensuke Tanabe, tó darí iṣẹ́ náà, ti ṣàlàyé pé eré irú ti Mario ni wọ́n kọ́kọ́ ń dán wò, nínú èyí tí ẹni méjì ń gbé ara wọn jù, tí wọ́n sì ń gòkè lọ. Ilé baba rẹ̀ ni ọmọ náà padà sí.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Nínú ti àkọ́kọ́, bí o bá fò lé ọ̀pọ̀ ọ̀tá lórí, ó kú. Níhìn-ín, yóò kàn máa gbé ọ lọ bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni. Ìwọ ni yóò gbé e, kí o jù ú lu èkejì rẹ̀. Ewébẹ̀ wà nínú ilẹ̀, a sì ń fà á tu bí ẹni fa ẹ̀gẹ́. Birdo ń pọ ẹyin lù ọ́. O gun ẹyin náà lófuurufú, o gbé e, o sọ ọ́ padà fún un. Wart, ọba wọn tó dà bí ọ̀pọ̀lọ́, kórìíra ewébẹ̀: bí ó bá la ẹnu láti tu ìfófòó, ewébẹ̀ ni kí o jù sí i lẹ́nu! Luigi, tí kò yàtọ̀ sí Mario ju aṣọ lọ ní 1985, ga níhìn-ín, ó sì ń fò ju gbogbo wọn lọ. Ọmọbìnrin Ọba tí wọ́n ń wá kiri nígbà náà ti di jagunjagun, ó tilẹ̀ ń léfòó díẹ̀.

Mi ò sọ pé kò ní àbùkù. Birdo ń yọjú jù. Àlá ni wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ ṣe níparí, èyí tí èmi kò fẹ́ràn.

Birdo, Shy Guy àti Bob-omb, inú eré yìí ni wọ́n ti wọ ilé Mario, wọn kò sì jáde mọ́. Ní 1992, àwọn ará Jàpáànù fúnra wọn gbà á wọlé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Super Mario USA.