Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Táílándì àti Ìrìn Àjò Rẹ̀ sí Ilẹ̀ Òwu

Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé orílẹ̀-èdè Táílándì, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sì fẹ́ wá kí ẹbí rẹ̀ ní Ìkirè, Àpòmù tàbí Orílẹ̀-Òwu, ìwé tí yóò fi padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá, kí ó tó dójú lé owó ọkọ̀ òfuurufú.

Ìdí ni pé físà tí a fi ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Non-Immigrant B, so mọ́ àdéhùn iṣẹ́ pẹ̀lú ilé-ìwé, bí olùkọ́ bá sì jáde kúrò ní ìlú láìgba ìwé àṣẹ àtúnwọlé, ìyẹn òǹtẹ̀ tí kì í jẹ́ kí àsìkò tí ó ṣẹ́kù fún un ṣòfò, gbogbo àsìkò náà dòfo lójú ẹsẹ̀. Fọ́ọ̀mù TM.8 ni wọ́n fi ń béèrè fún un. 1,000 bàátì ni ẹni tí yóò jáde lẹ́ẹ̀kan ń san, nígbà tí ẹni tí yóò máa jáde tí yóò sì máa wọlé ń san 3,800. Owó yìí kò tó nǹkan rárá, nítorí ẹni tí kò bá san án yóò tún bẹ̀rẹ̀ físà láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ aṣojú Táílándì ní Àbújá, nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wà láìní olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ àsìkò náà ṣòro díẹ̀. Ọdún ìwé ní ilé-ìwé ìjọba ibẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù Karùn-ún, ó sì ń parí nínú oṣù Kẹta, nítorí náà láàárín oṣù méjèèjì ni ìsinmi gígùn bọ́ sí. Ó dunni pé Kérésìmesì, tí gbogbo agboolé máa ń kún fún èrò, kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi ìjọba ní Táílándì. Ti Iléyá sàn díẹ̀, nítorí òṣùpá ni a fi ń ka ọjọ́ rẹ̀, ó sì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yá ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ni a ń retí rẹ̀ ní ọdún 2028, kí ilé-ìwé tó wọlé, olùkọ́ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí sì lè ti máa tọ́jú owó dè é.

Láti Ìkẹjà tí ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ sí, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀, ni yóò gbé e dé Ìkirè, níbi tí wọ́n ti ń ta dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n rọ̀jọ̀, tí wọ́n po mọ́ ata, tí wọ́n sì fi epo pupa dín títí ó fi dúdú. Kí ó má ṣe lo gbogbo ọjọ́ rẹ̀ tán sí Èkó. Lẹ́yìn tí ogun fọ́ ìlú Òwu ní àwọn ọdún 1820, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Òwu tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1834, nítorí náà ẹni tí ó bá ní ẹbí lápá méjèèjì gbọ́dọ̀ pín ọjọ́ rẹ̀ kí àwọn àgbà tí ń retí rẹ̀ lè fojú kàn án.

Nígbà tí ó bá ń padà sí Táílándì, yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, pọn dandan fún ẹni tí ó ń ti Nàìjíríà bọ̀. Ó kéré tán, ó ní láti gba abẹ́rẹ́ náà ní ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìn àjò. Láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni Táílándì sì ti ń béèrè fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí arìnrìn-àjò ń kọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí ó ṣáájú ìgúnlẹ̀ rẹ̀, èyí tí ó ṣeé kọ parí ní Ìkirè kí ó tó gbéra.