Ìyára Kì í Ṣe Ìwàǹwára: Bí A Ṣe Lè Tẹ̀síwájú Nínú Ṣẹ́ẹ̀sì Oníṣẹ́jú Díẹ̀

Nínú àwọn eré tí fóònù ti gbé wọ inú ilé wa, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó gba ọkàn tọmọdé tàgbà bí ṣẹ́ẹ̀sì oníṣẹ́jú díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílé fún ìsinmi ń ta á. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí a ti fọ́n ká sí ìlú gbogbo náà ń ta á, a sì ń fi í kí ara wa láti òkèèrè. Ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ jùlọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ni èyí: “Bàbá, ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń ta á lójoojúmọ́. Kí ló dé tí n kò tẹ̀síwájú?” Ìbéèrè náà tọ́ sí ìdáhùn, nítorí pé eré nìkan kọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Wákàtí oorun wà nínú rẹ̀, ìwé kíkà wà nínú rẹ̀, ìwà sì wà nínú rẹ̀.

Ìdáhùn wa kò gùn: a kì í fi ìyára kọ́ ìyára. Ẹni tó bá fẹ́ ta ṣẹ́ẹ̀sì kíákíá ní láti kọ́kọ́ kọ́ ọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí a sì fi ọ̀nà hàn.

Irú eré wo ni?

Ẹni méjì ni í dojú kọ ara wọn lórí ọpọ́n olójú 64. Olúkúlùkù ní ọmọ ayò 16: ọba kan, ayaba kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹṣin méjì, ilé ìṣọ́ méjì àti ọmọ-ogun mẹ́jọ. Ẹni tó bá há ọba ẹnìkejì mọ́ débi tí kò ti ní ọ̀nà àbáyọ ni ó borí. Ṣùgbọ́n aago jẹ́ ọ̀tá kejì. Àkókò olúkúlùkù wà lọ́tọ̀. Ti ẹni tí ó bá kàn láti ta ni ó ń lọ. Ẹni tí àkókò rẹ̀ bá tán ti pàdánù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọmọ ayò rẹ̀ pọ̀ jù. Ohun tí ó lè gbà á ni pé kí ẹnìkejì má ní ohun tí ó lè fi há ọba mọ́ mọ́, fún àpẹẹrẹ bí ó bá ku ọba rẹ̀ nìkan. Nígbà náà, ọ̀mì ni.

FIDE, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkóso ṣẹ́ẹ̀sì, tí a dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1924, pín eré kíákíá sí ọ̀nà méjì. Èyí tí olúkúlùkù ní ju ìṣẹ́jú 10 lọ ṣùgbọ́n tí kò tó 60 ni wọ́n ń pè ní rapid. Èyí tí kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ ni blitz. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn fi ẹ̀kẹta kún un, bullet, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré.

Àfikún àkókò tún wà. Bobby Fischer, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti jẹ́ ọ̀gá ayé rí, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ọdún 1989 lórí aago tó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kún àkókò ẹni fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí ẹ bá rí “3+2” lórí fóònù, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, pẹ̀lú àfikún ìṣẹ́jú-àáyá méjì fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí eré kan bá gba ìgbésẹ̀ 40, ẹni tó ní ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá méje àti ààbọ̀ fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó yan 3+2 ní mẹ́fà àti ààbọ̀. Ẹni tó ní ìṣẹ́jú kan ní ẹyọ kan àti ààbọ̀ péré. Ta ni ó lè ronú jinlẹ̀ láàárín ìwọ̀n ìgbà tí a fi ń sín lẹ́ẹ̀kan? Ohun tí ọkàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni ọwọ́ lè ṣe.

Níbo ni ìyára àwọn ọ̀gá ti ń wá?

Ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé ẹni tó bá ti jókòó ti ọpọ́n ayò rí. Òpè ni í fi ìka ka ọmọ ayò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí ó tó ta. Ọ̀ta á kàn wo ojú ọpọ́n, á sì ti mọ ibi tí jíjẹ wà. Kì í ṣe pé ọpọlọ rẹ̀ ń sáré ju ti òpè lọ. Ó ti rí irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀ rí ni.

Àwọn onímọ̀ ti fi ìdí èyí múlẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀sì. Adriaan de Groot, ọmọ Netherlands, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1946 lórí bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ronú. Ó rí i pé àwọn ọ̀gá àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ wo iwájú jìnnà ju àwọn tó tẹ̀ lé wọn lọ. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ tó dára ni ojú wọn kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Ní ọdún 1973, William Chase àti Herbert Simon ní Amẹ́ríkà fi ọpọ́n kan han ọ̀gá àti òpè fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, wọ́n sì ní kí wọ́n tò ó padà láti orí. Nígbà tí ètò ọpọ́n náà wá láti inú eré gidi, ọ̀gá rántí nǹkan bí ọmọ ayò 16, òpè rántí nǹkan bí mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n da àwọn ọmọ ayò náà sílẹ̀ láìlétò, ọ̀gá kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju òpè lọ mọ́.

Ẹ wo bí a ṣe ń kàwé. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a-b-d ń pe lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbà ń wo ọ̀rọ̀ odindi. Kò sí olùkọ́ tó máa sọ pé kí ọmọ náà máa sáré kà kí ó tó mọ lẹ́tà. Ẹni tó ń ta eré oníṣẹ́jú kan ní ìgbà 50 lóru ń fi ìyára tún ohun tó ti mọ̀ ṣe ni, àti èyí tó tọ̀nà, àti èyí tó wọ́. Àṣà búburú rẹ̀ ni ó ń gbóná sí i.

Ohun mẹ́ta tó yẹ ká kọ́

Èkíní ni àwọn ọgbọ́n ìjà tó ń yọjú lemọ́lemọ́. Ẹṣin kan lè halẹ̀ mọ́ ọba àti ayaba lẹ́ẹ̀kan náà. Ọba gbọ́dọ̀ sá, ayaba a sì lọ. Bíṣọ́ọ̀bù lè kan ẹṣin mọ́ iwájú ọba rẹ̀, tí ẹṣin náà kò fi ní lè kúrò lójú kan. Ilé ìṣọ́ lè já wọ ìlà ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ọmọ-ogun ọba fúnra wọn ti dí i lọ́nà àtisá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú f7, níwájú bíṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba dúdú: ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ọba nìkan ni ó ń ṣọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ayaba funfun àti bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi lè parí eré ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin bí dúdú bá sùn. Ìkànnì Lichess, tí Thibault Duplessis, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá sílẹ̀ ní ọdún 2010, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ máa yanjú 10 tàbí 15 lójúmọ́, láìwo aago. Ẹ má fọwọ́ kan ọmọ ayò títí ẹ ó fi rí òpin rẹ̀ nínú ọkàn yín.

Èkejì ni ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ẹ má ṣe kó ọ̀nà púpọ̀ jọ. Ọ̀nà kan tó bí funfun, ọ̀nà méjì tó bí dúdú: ọ̀kan fún ẹni tó bá kọ́kọ́ ti ọmọ-ogun iwájú ọba, èkejì fún ẹni tó bá ti ti iwájú ayaba. Ìdí ìgbésẹ̀ ni kí ẹ mọ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ẹ gba àárín ọpọ́n, ẹ tètè kó ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù jáde, ẹ sì fi ọba pamọ́ sẹ́yìn àwọn ọmọ-ogun rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́, ni òpin eré. José Raúl Capablanca, ọmọ Havana ní Kúbà, jẹ́ ọ̀gá ayé láti ọdún 1921 sí 1927, ìyára rẹ̀ sì jẹ́ ìyàlẹ́nu fún gbogbo ènìyàn. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé òpin ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ṣáájú. Ẹni tó bá ní ayaba àti ọba sí ọba nìkan, tí ìṣẹ́jú-àáyá 20 kù fún un, gbọ́dọ̀ lè parí rẹ̀ láìgbọ̀n. Kí ó sì ṣọ́ra: bí ọba ọ̀tá kò bá sí nínú ewu, ṣùgbọ́n tí ọ̀tá náà kò ní ìgbésẹ̀ kankan tó bófin mu, ọ̀mì ni, gbogbo làálàá náà sì di asán.

Bí a ṣe ń bá aago gbé

Ẹ má ṣe ná ìdajì àkókò yín kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa ronú nígbà tí aago ẹnìkejì ń lọ. Kí ẹ tó ta, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni ìgbésẹ̀ tó ta kẹ́yìn yìí ń wá? Ìgbésẹ̀ tó dára díẹ̀ tí a ta lásìkò sàn ju èyí tó dára jùlọ tí a rí nígbà tí àkókò ti tán.

Fóònù gbà wá láàyè láti fi ìgbésẹ̀ wa sílẹ̀ kí ẹnìkejì tó ta tirẹ̀. Kí a lò ó kìkì nígbà tó bá jẹ́ pé ìdáhùn kan péré ni ọ̀tá ní. Bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ayaba wa lè fúnra rẹ̀ rìn lọ sẹ́nu ikú. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò dúró déédéé, èyí tí kò ṣàjèjì sí wa, kí ó yan eré tó ní àfikún àkókò. Ó tún dára fún àwa tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ìka wa kò yá bíi ti àwọn ọmọ.

Lẹ́yìn eré

Ibí ni ìlọsíwájú wà gan-an. Bí ẹ bá pàdánù, ẹ padà sínú eré náà, kí ẹ fúnra yín wá ibi tí ọ̀nà ti yà, kí ẹ tó bi kọ̀ǹpútà léèrè. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan ní ìlà kan. Láàárín oṣù kan, ẹ ó rí i pé àṣìṣe kan náà ni ó ń wọ aṣọ oríṣiríṣi.

Bí ẹ bá pàdánù ní ẹ̀ẹ̀mejì léraléra, ẹ pa fóònù tì. Ìbínú kì í ka ọpọ́n dáadáa. Ẹni tó ń lépa máàkì tó sọnù ní agogo kan òru yóò pàdánù òmíràn, yóò sì tún pàdánù iṣẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa òtítọ́. Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà Deep Blue ti borí Garry Kasparov, ọ̀gá ayé, ní ọdún 1997, àwọn ẹ̀rọ ti lágbára sí i. Lónìí, èyí tó wà nínú fóònù lásán ju ọ̀gá èyíkéyìí lọ. Àwọn mìíràn ń ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń da ohun tó bá sọ kọ. Àwọn ìkànnì ń mú wọn, wọ́n sì ń ti wọ́n síta. Bí wọn kò tilẹ̀ mú ẹnì kan, kí ni ó jèrè? Máàkì rẹ̀ gòkè, òun fúnra rẹ̀ wà níbi tó wà. Ohun tí a jí wò nínú ìdánwò kì í dúró nínú orí.

Ẹ ronú sí ohun tí eré yìí lè mú jáde lọ́wọ́ ẹni tó bá lò ó dáadáa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Túndé Ọ̀nàkọ̀yà, tó kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòròdú, ta á fún wákàtí 60 ní Times Square ní New York láti kó owó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò rí ilé-ìwé lọ. Irú ìfaradà bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwàǹwára.

Nítorí náà, ètò tí a dábàá fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ nìyí. Ìbéèrè fún ìṣẹ́jú 15, eré kan olóníṣẹ́jú 10, tí àpapọ̀ rẹ̀ kò ní ju 20 lọ, àti àyẹ̀wò fún ìṣẹ́jú 10: ìṣẹ́jú 45 lójúmọ́. Ẹ fi blitz sí ọjọ́ Sátidé. Ẹ dán an wò fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì fi wákàtí tó kù fún ìwé yín àti oorun yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá pe àwa àgbà níjà. A ó ti máa dúró, pẹ̀lú àfikún ìṣẹ́jú-àáyá wa.