Ewéko Agbàlejò àti Kòkòrò Ajẹpòpórò Ìrèké: Àpẹẹrẹ Eldana saccharina

Nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, a máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó ro ẹ̀bá oko mọ́ tónítóní, nítorí pé ibẹ̀ ni kòkòrò ń sá pamọ́ sí. Òótọ́ wà nínú ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Eldana saccharina, ọ̀kan lára kòkòrò ajẹpòpórò, ni a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí a pè ní ewéko agbàlejò ni ewéko tí kòkòrò ń yé ẹyin sí, tí ìdin rẹ̀ sì ń jẹ dàgbà. Láti ilẹ̀ Sàró ni àfòpiná tí Walker ṣàpèjúwe ní ọdún 1865 ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni ìrèké kọ́ ni ilé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìrèké gan-an, àlejò ni ní Áfíríkà. Koríko etí omi ni ilé rẹ̀, pàápàá òrépèté àti àwọn ìbátan dáńdá.

Ní South Africa, kòkòrò yìí ya wọ oko ìrèké ní Umfolozi ní ọdún 1939. Ó rọlẹ̀ nígbà tó yá, ó sì tún yọ ní Hluhluwe ní ọdún 1970; láti ìgbà náà ni ó ti ń bá wọn fà á. Ìrèké tí ó ti gbó tàbí tí ọ̀dá ti dá ni ó ń bàjẹ́ jù. Àwọn àgbẹ̀ ti gbin ìrèké dé etí odò, wọ́n sì ti fa omi àbàtà gbẹ. Níbo ni àfòpiná tí kò rí òrépèté mọ́ yóò yé sí?

Dípò kí wọ́n pa ewéko agbàlejò run, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ní kí a dá a padà sí àbàtà kí ó lè fa àfòpiná kúrò lára ìrèké. Wọ́n tún ń gbin koríko Melinis minutiflora sáàárín oko: òórùn rẹ̀ ń lé àfòpiná, ó sì ń pe agbọ́n tí ń pa kòkòrò náà.

Nítòsí wa, ní Benin, irú rẹ̀ hàn lára Sesamia calamistis, tí ń jẹ àgbàdo àti ìrèké. Ó máa ń yé sára koríko ìgbẹ́ bíi Panicum maximum, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìdin rẹ̀ ni kì í yè níbẹ̀. Ọkà bàbà ìgbẹ́ yàtọ̀ ní tirẹ̀. Ìdin ń rọ́wọ́ mú díẹ̀ lórí rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni olùkọ́ lè fi han akẹ́kọ̀ọ́: kí wọ́n la pòpórò oríṣiríṣi koríko ẹ̀bá oko, kí wọ́n sì ka iye ìdin tí ó wà láàyè nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó mú àdá.