Kì í Ṣe Gbogbo Inú Rírun Ni Májèlé

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń yan gàrí lọ́wọ́, ẹ má pa iná, ẹ kàn tẹ́tí sílẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo ilé.

Ẹgbẹ́ olùgbọ́ kan ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní bàbá kan wà ní abúlé àwọn, inú ti ń ta á fún ọdún méjì. Tí ebi bá pa á lóru, inú á máa jó o bí ẹni da ata sójú ọgbẹ́. Tó bá jẹun díẹ̀, á rọlẹ̀. Tó bá ṣe, á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan bàbá yìí bì, èébì náà sì dúdú bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹbí ti ń wo ìyàwó kékeré lójú. Wọ́n ní òun ló fún ọkọ ẹ̀ ní nǹkan jẹ. Obìnrin náà ti kó ẹrù lọ sílé bàbá ẹ̀. Ẹgbẹ́ wá bi wá pé: ṣé àìsàn wà tó lè ṣe èèyàn báyìí, láìjẹ́ pé ẹnì kan fi nǹkan sí oúnjẹ?

Ìdáhùn wa ni pé ó wà, ó sì pọ̀. A ò rí bàbá náà, a ò sì lè jókòó sídìí rédíò ká sọ ohun tó ń ṣe é. Dókítà tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ló lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ kà sílẹ̀ yẹn, ọgbẹ́ inú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ló sì sábà máa ń dá ọgbẹ́ inú sílẹ̀: kòkòrò kan tójú ò lè rí, àti oògùn ara ríro tá à ń gbé mì bí ẹni jẹ ẹ̀pà.

Kòkòrò inú agbẹ̀du

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe kòkòrò náà ni Helicobacter pylori. Àwa á máa pè é ní kòkòrò agbẹ̀du. Ẹ mọ̀ pé inú agbẹ̀du ní omi kíkan tó ń jẹ́ kí oúnjẹ dà. Omi yìí ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tá a bá gbé mì mọ́ oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kòkòrò agbẹ̀du gbọ́n. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá da omi eérú sí nǹkan kíkan, kíkan ẹ̀ á rọ̀. Nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ bí omi eérú ni kòkòrò yìí máa ń ṣe yí ara ẹ̀ ká, kí omi kíkan má bàa pa á. Á wá wọ abẹ́ ohun yíyọ̀ tó bo inú agbẹ̀du, bí èkúté ṣe ń gbẹ́ ihò sínú ebè. Ó lè gbé ibẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́ ẹni.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bó ṣe ń dá ọgbẹ́ sílẹ̀. Tí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀ lóko kaṣú, tẹ́ ò yọ ọ́, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀? Ojú ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á wú, á máa ro yín. Kì í ṣe ẹ̀gún ló ń wú o. Ara yín ló ń jà. Ẹ̀jẹ̀ ló ń kó ọmọ ogun wá síbẹ̀ láti lé àjèjì jáde. Tí ẹ̀gún bá jáde, ìjà parí, ara á balẹ̀. Tí ò bá jáde ń kọ́? Ìjà ò ní tán.

Bó ṣe rí nínú agbẹ̀du náà nìyẹn. Àwọn ọmọ ogun ara ò lè lé kòkòrò náà jáde, wọn ò sì dáwọ́ dúró. Ogun tó bá pẹ́ nílùú, àtọ̀tá àtonílé ló ń bà jẹ́. Ara agbẹ̀du á pọ́n, á wú, ohun tó ń dáàbò bò ó á máa fò lọ díẹ̀díẹ̀, omi kíkan á wá ráyè jẹ ẹran ara fúnra ẹ̀. Ọgbẹ́ dé nìyẹn. Tí ọgbẹ́ náà bá kan iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú. Ẹ̀jẹ̀ tí omi kíkan bá kàn á dúdú. Ìdí nìyẹn tí èébì fi lè dúdú, tí ìgbẹ́ náà fi lè dúdú bí ọ̀dà, láìsí ọwọ́ ọmọ aráyé kankan níbẹ̀.

Ọkùnrin tó mu kòkòrò

Kì í ṣe àwa nìkan la ò mọ̀. Àwọn dókítà òyìnbó náà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìrònú àti ata ló ń fa ọgbẹ́ inú. Àfìgbà tí dókítà méjì ní ìlú Perth, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, Robin Warren àti Barry Marshall, rí kòkòrò yìí nínú agbẹ̀du àwọn aláìsàn. Àwọn èèyàn ò gbà wọ́n gbọ́. Ní ọdún 1984, Marshall bu omi tí kòkòrò náà wà nínú ẹ̀, ó sì gbé e mu. Kò tiẹ̀ sọ fún ìyàwó ẹ̀ kó tó mu ún. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ẹnu ẹ̀ ń rùn. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ẹ̀, agbẹ̀du tó dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀ ti pọ́n, ó ti wú. Ní ọdún 2005, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel.

Nǹkan bí ìdajì àwọn èèyàn inú ayé ni wọ́n ti ṣírò pé ó ní kòkòrò yìí nínú, tiwa ní Áfíríkà sì tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jáyà. Ọ̀pọ̀ jù lọ ò ní mọ̀ pé ó wà lára àwọn. Nínú èèyàn 10 tó ní in, bí 1 tàbí 2 ni ọgbẹ́ inú lè mú. Àwọn díẹ̀ péré ló lè di jẹjẹrẹ agbẹ̀du fún, ṣùgbọ́n nítorí àwọn díẹ̀ yẹn ni àjọ elétò ìlera àgbáyé ṣe kọ orúkọ kòkòrò náà mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ní ọdún 1994.

Ibo ló ń gbà wọlé?

Láti kékeré ló ti ń wọlé, nínú ilé. Ó ń ti ẹnu sí ẹnu, ó ń ti ìgbẹ́ dé ẹnu nípasẹ̀ ọwọ́ tá ò fọ̀ àti omi tí ò mọ́. Ìyá tó ń jẹ oúnjẹ lẹ́nu kó tó fi sẹ́nu ọmọ, ìfẹ́ ló fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n kòkòrò lè bá itọ́ lọ. Ẹ fi ṣíbí tẹ oúnjẹ ọmọ, ẹ má fi eyín tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ tẹ́ ẹ bá ti ibi ìgbọ̀nsẹ̀ dé, kẹ́ ẹ sì tún fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gún iyán. Omi pọ́ńpù ni kẹ́ ẹ máa mu. Tó bá jẹ́ ti odò, ẹ sè é.

Oògùn orí àtẹ

Ọ̀rọ̀ ọjà wá kàn. Lásìkò tá à ń ṣa kaṣú, ẹ̀yìn a máa ro wá, orúnkún a máa ro wá. A ó pe ẹni tó gbé àtẹ oògùn kọjá, a ó ra horo méjì, a ó fi sódabì tì í lọ́nà ọ̀fun láìjẹun. Àwọn oògùn bí aspirin, ibuprofen àti diclofenac ń dín ìrora kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń já ààbò agbẹ̀du sílẹ̀. Ẹni tí kòkòrò wà lára ẹ̀, tó tún ń gbé wọn mì lójoojúmọ́, ń ṣílẹ̀kùn fún ọgbẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ẹ ò tiẹ̀ mọ ohun tó wà nínú horo orí àtẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba wa wọ Adjégounlè, lọ́jà Dantokpa ní Kutọnu, wọ́n kó òbítíbitì oògùn burúkú níbẹ̀. Tí wọ́n bá kó ti Kutọnu, ti orí àtẹ abúlé ń kọ́?

Kí la máa ṣe?

Inú tó bá ń ta èèyàn léraléra, kó lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn. Tó bá kọjá agbára wọn, wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà fún Sávàlú àti Bàǹtẹ̀. Wọ́n lè yẹ ìgbẹ́ wò láti mọ̀ bóyá kòkòrò wà. Tó bá wà, oríṣi oògùn bíi mẹ́ta ni wọ́n á fún un pọ̀: àwọn tó ń pa kòkòrò, àti èyí tó ń dín omi kíkan kù. Ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n á ní kó lò ó. Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, inú ò ta wá mọ́, a ó tọ́jú ìyókù de ìgbà mìíràn. Kòkòrò tí ò kú tán á kọ́ bó ṣe ń sá fún oògùn náà. Ẹ lò ó tán, ẹ má sì fi ọtí tẹ̀ lé e.

Àmọ́ ẹni tó bá bì ẹ̀jẹ̀ tàbí ohun dúdú, ẹni tí ìgbẹ́ ẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ẹni tí inú dùn lójijì tí ikùn ẹ̀ le bíi pákó, kò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀la. Ẹ wá zémìjáàn tàbí mọ́tò lóru ọjọ́ náà.

*Ìbéèrè: Ata ń kọ́? Ọdún iṣu ń bọ̀ ní Sávàlú ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ṣé ká má jẹ ọbẹ̀ ni?*

Ẹ jẹun yín o. Ata kì í dá ọgbẹ́ inú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ta ọgbẹ́ tó ti wà. Ẹni tó bá ń ta kó dín in kù.

*Ìbéèrè: Àgbo ń kọ́?*

A ò bú àgbo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ẹ̀, àgbo ò lè dá a dúró. Ẹ sọ fún dókítà ohun tẹ́ ẹ ti mu, ẹ má fi pa mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyàwó kékeré. Ẹ̀yin àgbà abúlé náà, ẹ gbé bàbá lọ sílé ìwòsàn kẹ́ ẹ tó pe ìpàdé ẹbí. Tí wọ́n bá rí ọgbẹ́ níbẹ̀, kí ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ obìnrin náà ni kó lọ bẹ̀ ẹ́ padà sílé. Ahọ́n tó pe èèyàn ní apànìyàn ní gbangba, gbangba ló ti yẹ kó bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tẹ́gbẹ́ olùgbọ́ máa jíròrò: Ta ló ń ra oògùn orí àtẹ nílé yín, kí ló ń lò ó fún? Tí ẹnì kan bá bì ẹ̀jẹ̀ lóru, mọ́tò ta la máa pè, ta ló máa san owó ọ̀nà? Ẹ fẹnu kò lé e lórí kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí. Ó dìgbà kan ná o.