Walmart àti èéfín tó ń mú ayé gbóná: Ìlérí rọrùn, ìmúṣẹ ló le

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ rí fún Walmart, ilé-iṣẹ́ ìtajà ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé ní 10,000 káàkiri àgbáyé. Ọ̀nà tó ti gbà láti dín èéfín tó ń mú ayé gbóná kù pọ̀, síbẹ̀ ibi tó ń lọ ṣì jìnnà.

Olóògbé Sam Walton ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Arkansas lọ́dún 1962. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, lẹ́yìn tí ìjì líle Katrina ba ìlú New Orleans jẹ́, ni Lee Scott, ọ̀gá àgbà rẹ̀ nígbà náà, kéde pé àwọn fẹ́ kí gbogbo iná tí àwọn ń lò máa wá láti ara oòrùn, afẹ́fẹ́ àti àwọn nǹkan mìíràn tí kì í tán. Kì í ṣe nítorí àánú ayé nìkan. Ẹni tó bá ń fi iná àti epo ṣòfò, owó ara rẹ̀ ló ń dà nù.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n la ojú ihò sí òrùlé kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lè wọlé. Bí oòrùn bá ti ràn, gílóòbù á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n fi gílóòbù LED tí kì í jẹ iná púpọ̀ rọ́pò ti àtijọ́. Wọ́n fi ìlẹ̀kùn sí ọ̀pọ̀ fíríìjì tó wà ní gbayawu kí òtútù má baà máa sá jáde.

Ó kan àwọn tírélà. Wọ́n ń di ẹrù kún ọkọ̀ dáadáa kó má baà sáré lófìfo, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì kékeré sí i kí awakọ̀ tó bá fẹ́ sùn lálẹ́ má baà tan ẹ́ńjìnnì ńlá sílẹ̀ di òwúrọ̀.

Ní ti iná, òrùlé ṣọ́ọ̀bù ńlá fẹ̀ bíi pápá, wọ́n sì to páńẹ́ẹ̀lì sólà sórí púpọ̀ nínú wọn. Lọ́dún 2008, wọ́n bá ilé-iṣẹ́ Duke Energy ṣàdéhùn láti ra iná tí afẹ́fẹ́ ń pèsè ní Texas.

Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú èéfín náà kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù ló ti ń wá, bí kò ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ọjà tí Walmart ń tà. Lọ́dún 2007, Walmart sọ pé ọṣẹ ìfọṣọ olómi tó ki nìkan ni òun yóò máa tà ní Amẹ́ríkà tó bá fi di oṣù karùn-ún ọdún 2008. Omi dín kù nínú ọṣẹ, ìgò kéré sí i, epo tí wọ́n fi ń kó o náà sì dín kù. Lọ́dún 2017, ó ké sí àwọn olùpèsè ọjà rẹ̀ láti dín bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù èéfín kan kù kó tó di ọdún 2030. Ní ọdún 2024, ó ní ọwọ́ àwọn ti tẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí àwọn olùpèsè fẹnu ara wọn sọ ni wọ́n kà.

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024 kan náà, Walmart jẹ́wọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ òun má tẹ àfojúsùn ọdún 2025 àti 2030 lórí èéfín tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Gáàsì tó ń mú fíríìjì tutù máa ń jò, òmíràn sì ń mú ayé gbóná ju èéfín kábọ́ọ̀nù lọ ní ìlọ́po 1,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tírélà tó ń gbé ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn láìlo epo kò sì tíì wọ́pọ̀.

Kí ló kan àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá níbẹ̀? Walmart ló ra èyí tó pọ̀ jù nínú Massmart ilẹ̀ South Africa lọ́dún 2011, òun ló sì ni Game tó ti tajà l'Ékòó rí kó tó kógbá sílé. Ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ dé ibí rí, èéfín kò mọ ibodè. Èyí tó bá rú l'Arkansas, sánmà kan náà ló ń lọ, abẹ́ sánmà yẹn náà sì ni àgbẹ̀ ti ń wo ojú òjò kó tó gbin àgbàdo.