Bí Àgbẹ̀ Ilẹ̀ Faransé Ṣe Ń Fi Oúnjẹ àti Wáìnì Pe Àlejò Wá sí Abúlé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́, nítorí pé ó dá lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo ìsinmi wọn ní ìgbèríko ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ìyọnu tí ó ń bá wa fínra, pé alájàpá ni ó ń dá iye lé ohun tí a fi ọwọ́ wa gbìn, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ náà ti rí i rí.

Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ooru a máa mú níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ a sì ti pa. Ìgbà náà ni àwọn ará Paris àti àwọn ìlú ńlá yòókù ń di ẹrù sínú ọkọ̀, tí wọ́n ń kọrí sí abúlé. Kì í ṣe olówó nìkan ni ó ń lọ. Ní ọdún 1936, ìjọba wọn ṣòfin pé kí òṣìṣẹ́ máa gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọọdún, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ má sì dúró. Nígbà tí ó fi di ọdún 1982, ìsinmi náà ti di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹni tí ó ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún nílẹ̀, tí owó sì ń wọlé, yóò wá ibi tí yóò lọ.

Níbo ni wọ́n ń sùn? Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ ń sá kúrò lóko, ilé sì ń ṣófo. Ní ọdún 1951, wọ́n tún ilé kan ṣe ní agbègbè olókè tí wọ́n ń pè ní Basses-Alpes nígbà náà, kí àlejò lè máa háyà rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ agbègbè náà, Émile Aubert, ni ó gbé ètò ọ̀hún lárugẹ. Ní ọdún 1955, ó di ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Gîtes de France. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì o. Àlejò ni ó ń dáná fúnra rẹ̀, ó sì lè ra ẹyin, tòmátì àti wàrà lọ́wọ́ onílé, láìsí pé onílé náà gbé igbá jáde. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn tún ń se oúnjẹ tà nínú oko wọn. Òfin irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n bá gbé ka iwájú àlejò gbọ́dọ̀ ti inú oko onílé wá. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Adìẹ tí a tà láàyè fún alájàpá, ẹ̀ẹ̀kan ni owó rẹ̀ wọlé. Adìẹ tí a sè tà, owó adìẹ wà nínú rẹ̀, owó ọ̀dùnkún àti ata wà nínú rẹ̀, owó ọwọ́ ìyá tí ó sè é náà wà níbẹ̀.

Ohun tí àlejò ń wá jẹ ni ohun tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú tirẹ̀. Ẹ gbọ́ ti ata. Ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, lẹ́bàá ààlà Spain, ìlú kékeré kan wà tí ń jẹ́ Espelette. Bí ata bá ti pọ́n tán, wọ́n á sín in lókùn, wọ́n á so ó rọ̀ sí iwájú ilé títí ògiri funfun á fi di pupa. Láti ọdún 2000 ni òfin ti dáàbò bo orúkọ rẹ̀: abúlé mẹ́wàá péré ni ó lè gbin ata kí wọ́n sì pè é ní ata Espelette. Ata náà kò tilẹ̀ ta tó ata rodo wa, síbẹ̀ ìgò kékeré ni wọ́n ń rọ ìyẹ̀fun rẹ̀ sí, owó gidi ni wọ́n sì ń tà á. Ní Provence, wàrà ewúrẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Banon. Ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ọn bí a ti ń pọ́n ẹ̀kọ, okùn ọ̀gọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fi ń dì í. Ewé yẹn, tí àwa ń fi ọ̀rá rọ́pò nílé báyìí, ni àlejò fi ń mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀pọ̀ wàrà mìíràn.

Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kánjú. Láti agogo méjìlá ọ̀sán títí di agogo méjì, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní abúlé ni ó máa ń tì. Oúnjẹ ni wọ́n jókòó tì.

Ó kan wáìnì. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà fún láti mutí, kó fara balẹ̀ nítorí ọgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fọ́ èso àjàrà, ìwúkàrà á jẹ ṣúgà inú omi rẹ̀, á sì sọ ọ́ di ọtí. Irú ìwúkàrà kan náà ni ó ń mú ẹmu hó nínú agbè. Bí wọ́n bá fi èèpo àjàrà dúdú sílẹ̀ nínú omi rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ó di wáìnì pupa. Bí wọ́n bá tètè yọ èèpo náà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ó di rosé, èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù láti mu nígbà ooru. Bí wọn kò bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, kì í kan bí ẹmu ti ń kan.

Ṣùgbọ́n ìyà ti jẹ àwọn tó ń ṣe é. Láàárín ọdún 1860 sí 1870, kòkòrò kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbòǹgbò àjàrà wọn. Ohun tí ó gbà wọ́n ni pé wọ́n fi ẹ̀ka àjàrà tiwọn sórí kùkùté àjàrà Amẹ́ríkà, nítorí kòkòrò náà kò lè pa ìyẹn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ẹ̀ka ọsàn tó dára sórí kùkùté òmíràn. Oko padà bọ̀ sípò, wàhálà mìíràn tún dé: wáìnì pọ̀ jù lọ́jà, àwọn oníṣòwò kan sì ń po omi mọ́ ṣúgà, wọ́n ń pè é ní wáìnì. Owó já wálẹ̀. Ní ọdún 1907, Marcelin Albert, àgbẹ̀ kan tí ó tún ní ilé ọtí ní abúlé Argelliers, kó àwọn àgbẹ̀ jọ. Ènìyàn mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, àwọn tí ó péjọ sí Montpellier lé ní 500,000. Àwọn sójà yìnbọn ní Narbonne, ẹ̀mí ṣòfò. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba ti ṣe òfin tí ó de àbùlà, tí ó sì ní kí oníkálukú máa kọ iye wáìnì tí ó kórè sílẹ̀ lọ́dọọdún.

Àwọn ará Maraussan kò dúró de ìjà náà ní tiwọn. Ní ọdún 1901 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa ta wáìnì wọn pọ̀, tí wọ́n ń tà á tààrà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ ní Paris. Ní ọdún 1905, wọ́n kọ́ ilé ìpọntí tiwọn. Lójú tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju ìwọ́de lọ. Títí di òní, ọ̀pọ̀ abúlé ní gúúsù ni ó ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ á gbé àjàrà wá, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á yẹ bí ó ti dùn tó wò, ohun tí ó gbé wá ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀. Nígbà ooru, àlejò á yà wọlé, á tọ́ ọ wò, á sì ra páálí kan tàbí méjì sẹ́yìn ọkọ̀.

Láti inú ìjà àbùlà yẹn ni òfin orúkọ ti gbilẹ̀. Ẹ mọ bí gàrí ibikíbi ṣe ń di gàrí Ìjẹ̀bú tí ó bá ti dé ọjà. Ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1925 ni òfin ti dáàbò bo wàrà àgùntàn tí ń jẹ́ Roquefort, tí ó gbọ́dọ̀ gbó sínú ihò àpáta ìlú náà. Ní ọdún 1935, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún orúkọ wáìnì. Òfin náà le o: ó sọ ilẹ̀ tí ènìyàn lè gbìn sí, irú àjàrà tí yóò gbìn, àti iye tí kò gbọ́dọ̀ kórè jù lórí hẹ́kítà kan, nítorí bí èso bá pọ̀ jù lórí igi, adùn rẹ̀ á dínkù. Irú ọgbọ́n yìí ti dé ìtòsí wa. Ní ọdún 2021, ọ̀pẹ̀yìnbó pain de sucre ti agbègbè Allada, ní orílẹ̀-èdè Benin, gba irú ààbò orúkọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn abúlé náà ń ta ara wọn. Ní ọdún 1982, mayor ìlú Collonges-la-Rouge, Charles Ceyrac, dá ẹgbẹ́ àwọn abúlé tí ó rẹwà jù sílẹ̀. Ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ bá ju 2,000 lọ kò lè wọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn ń lọ wo oko lavender ní Provence ní oṣù keje, òdòdó tí a ti rí orúkọ lọ́fíndà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dùn. Àwọn ará ìlú ńlá àti àwọn òyìnbó ilẹ̀ mìíràn ti ra ilé púpọ̀ ní irú abúlé bẹ́ẹ̀, owó ilé ti ga ju agbára ọmọ àgbẹ̀ lọ, fèrèsé á sì wà ní títì láti ìgbà òtútù dé òpin rẹ̀.

Bí oṣù kẹjọ bá ń parí lọ, àlejò ń padà sílé. Tẹ́lẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá lọ tán ni ìkórè àjàrà ń bẹ̀rẹ̀. Ooru tí ó ń pọ̀ sí i ti mú kí àjàrà máa tètè pọ́n, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní apá gúúsù, àlejò lè wà nínú ilé kí tírélà àjàrà ti máa tò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìpọntí ẹgbẹ́.